Àyẹ̀wò keytool àti KeyStore inú Java: ó ṣe é gbára lé, àmọ́ ó máa ń dákẹ́ níbi tó yẹ kó pariwo

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ kóòdù Java fún ìsanwó, fún báńkì, tàbí fún sáfà tó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ara rẹ̀ hàn kí ẹnìkejì tó dá a lóhùn, kò ní ṣàì pàdé fáìlì tí wọ́n ń pè ní keystore. Inú rẹ̀ ni sátífíkéètì (ìwé ẹ̀rí tí a lè fi han ẹnikẹ́ni) àti kọ́kọ́rọ́ àdáni (private key, àṣírí tó bá a rìn) ń gbé. Irinṣẹ́ méjì ló wà nínú JDK (àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ Java) fún un: keytool, àṣẹ tí à ń tẹ̀ sínú terminal, àti java.security.KeyStore, class tí kóòdù fi ń ṣí fáìlì náà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, o ò sì nílò láti gba ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́yìn JDK fúnra rẹ̀. Láti ìgbà JDK 1.2, ní 1998, ni wọ́n ti wà.

Láì fepo bọyọ̀, wọ́n ṣe é gbára lé. Kóòdù tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ láti fi ka keystore ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí JDK òde òní. Àmọ́ àléébù ńlá kan wà lára wọn tí ìwé ìtọ́sọ́nà kì í tẹnu mọ́: níbi tó yẹ kí wọ́n figbe ta, ṣe ni wọ́n máa ń dákẹ́. Wọ́n á fún ọ ní null, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìṣòro náà bá fi máa yọjú, ó ti jìnnà sí ibi tó ti ṣẹ̀.

Fáìlì wo gan-an ló wà lọ́wọ́ rẹ?

Má gba ìparí orúkọ fáìlì gbọ́. Láti JDK 9, tó jáde ní 2017, PKCS12 ni keytool ń ṣe bí o kò bá sọ irú èyí tí o fẹ́, orúkọ yòówù kí o fún fáìlì náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fáìlì tó ń jẹ́ .jks lóde òní fi jẹ́ PKCS12 nínú. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ ni kí o wò:

```
xxd -l 4 isanwo.jks
```

Bí o bá rí feed feed, JKS ni, irú àtijọ́ tí ilé-iṣẹ́ Sun ṣe fún ara wọn. Bí o bá rí cece cece, JCEKS ni. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3082, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé PKCS12 ni, .p12 tàbí .pfx tí gbogbo èdè kóòdù mọ̀, tí RFC 7292 sì ṣàlàyé. Bí ó bá jẹ́ 2d2d 2d2d, àmì dáàṣì lò ń wò yẹn: PEM (sátífíkéètì tàbí kọ́kọ́rọ́ tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán) ni fáìlì náà, kì í ṣe keystore rárá, ẹnì kan ló kàn yí orúkọ rẹ̀ padà.

JKS kò yẹ kó wọ iṣẹ́ tuntun mọ́. SHA-1 (ìṣirò hash àtijọ́) nìkan ló fi ń bo kọ́kọ́rọ́ àdáni mọ́lẹ̀, kò sì ní ìṣirò àṣetúnṣe tó máa ń fa ọwọ́ ẹni tó ń méfò páásíwọ́ọ̀dù sẹ́yìn. Bí páásíwọ́ọ̀dù rẹ bá kúrú, tí fáìlì náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, gbà pé kọ́kọ́rọ́ náà ti lọ. Fún àmì tó fi ń mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan fáìlì, ó máa ń da ọ̀rọ̀ "Mighty Aphrodite" pọ̀ mọ́ páásíwọ́ọ̀dù kó tó ṣe SHA-1 rẹ̀. Ẹ lè lọ wò ó nínú kóòdù OpenJDK, ó wà níbẹ̀ gbangba. Ó pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi agbára kankan kún un. keytool fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ tí o bá lo JKS, àṣẹ tó sì ń yí i padà rèé:

```
keytool -importkeystore -srckeystore atijo.jks \
  -destkeystore isanwo.p12 -deststoretype PKCS12
```

Kíka rẹ̀ nínú kóòdù

Níbi tí iṣẹ́ náà kò ti díjú, KeyStore dùn ún lò:

```java
char[] oro = System.getenv("KS_PASS").toCharArray();
KeyStore ks = KeyStore.getInstance("PKCS12");
try (InputStream in =
        Files.newInputStream(Path.of("/etc/isanwo/isanwo.p12"))) {
    ks.load(in, oro);
}
PrivateKey kokoro = (PrivateKey) ks.getKey("isanwo", oro);
Certificate[] eto = ks.getCertificateChain("isanwo");
```

getInstance ló ń yan irú keystore. load ló ń ka fáìlì, tó sì ń yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò. Bí o bá fo load, gbogbo ohun tó kù á máa sọ pé "Uninitialized keystore", èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba ìgbà tí class yìí ń sọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà. getKey ló ń mú kọ́kọ́rọ́ àdáni jáde, getCertificateChain sì ń mú àwọn sátífíkéètì jáde létòlétò: eto[0] ni tìrẹ, eto[1] ni ti ẹni tó fọwọ́ sí tìrẹ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sókè. Bí o bá lo getCertificate dípò rẹ̀, eto[0] nìkan ló máa fún ọ.

Wọ́n ní char[] ni kí a fi gbé páásíwọ́ọ̀dù, kì í ṣe String, kí o lè fi Arrays.fill pa á rẹ́ tí o bá lò ó tán. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ System.getenv lo ti mú un, ó ti di String kó tó dé ọwọ́ rẹ, ìparẹ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo nǹkan kan mọ́. Má fi í tan ara rẹ jẹ.

Ohun kan tó ń gbani lọ́wọ́ wàhálà: nínú fáìlì java.security, keystore.type.compat wà ní true. Ìyẹn ni pé KeyStore tí o pè ní "JKS" lè ṣí PKCS12, "PKCS12" náà sì lè ṣí JKS. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kóòdù tí wọ́n kọ irú tí kò tọ̀nà sí máa ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó fura. Kò sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ provider (library ààbò tí Java ń lò) mìíràn bíi Bouncy Castle, nítorí náà kọ irú tó jẹ́ gan-an.

Ibi tó ti ń dákẹ́

load ló burú jù. Bí o bá fún un ní null dípò fáìlì, kò ní bínú. Ó gbà pé keystore tuntun tó ṣófo lo fẹ́ dá sílẹ̀, ó sì dá a sílẹ̀ fún ọ. getResourceAsStream náà rèé, null ló máa ń dá padà bí kò bá rí fáìlì. Wo bí méjèèjì ṣe ń pàdé:

```java
InputStream in = getClass().getResourceAsStream("isanwo.p12");
ks.load(in, oro);
```

Gbòǹgbò resources ni fáìlì náà wà, àmọ́ kò sí / níwájú orúkọ rẹ̀, nítorí náà inú package class yẹn ni Java ń wá a sí. Kò rí i. load gba null, keystore ṣófo, exception kankan kò jáde. Páásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà pàápàá á kọjá wẹ́rẹ́, torí kò sí nǹkan tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. getKey dá null padà. Ó di ìgbà tí kóòdù bá fẹ́ bá sáfà kejì sọ̀rọ̀ kí handshake_failure (sáfà kejì kọ ìsopọ̀) tó yọ, wọ́n á wá máa kọ lẹ́tà sí báńkì pé sátífíkéètì tí wọ́n fún wọn kò dáa. Báńkì kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Alias (orúkọ tí a fi ń pe ohun kọ̀ọ̀kan nínú keystore) tí kò sí, null. Kò sí exception, kò sí ìkìlọ̀. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kì í sábà jẹ́ ìṣòro níbí, torí JKS àti PKCS12 inú JDK máa ń sọ alias di lẹ́tà kékeré: "Isanwo" àti "isanwo" ọ̀kan náà ni. Ohun tó sábà máa ń fa ìṣòro ni pé fáìlì náà ti ọ̀dọ̀ openssl, irinṣẹ́ sátífíkéètì mìíràn tí kì í ṣe ti Java, wá, ẹni tó ṣe é kò sì fi -name sí i. Java á wá fún un ní "1" gẹ́gẹ́ bí alias. O lè máa wá "isanwo" títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Alias tó wà, àmọ́ tó jẹ́ sátífíkéètì lásán, òun náà null. Irú ohun méjì ló sábà máa ń wà nínú keystore: PrivateKeyEntry, tó ní kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú ètò sátífíkéètì rẹ̀, àti trustedCertEntry, tó jẹ́ sátífíkéètì ẹlòmíì tí o gbà gbọ́. getKey àti getCertificateChain máa ń dá null padà fún èkejì. Bí èyí ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí sátífíkéètì fi ìdáhùn ránṣẹ́, ẹni tó fẹ́ kó o sínú keystore sì lo -importcert pẹ̀lú alias tuntun dípò alias tí kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. keytool á gbà á, ṣùgbọ́n ó di trustedCertEntry, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lábẹ́ alias àtijọ́ pẹ̀lú sátífíkéètì àtijọ́. Sáfà á máa fi èyí tó ti fẹ́ kú han aráyé títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé.

Páásíwọ́ọ̀dù null tún wà. Pẹ̀lú JKS, load(in, null) á ka gbogbo sátífíkéètì, ó kàn máa fo yíyẹ fáìlì wò ni, torí JKS kì í sọ sátífíkéètì di àdììtú. Pẹ̀lú PKCS12, sátífíkéètì náà sábà máa ń wà nínú àdììtú, Java á sì fò wọ́n dá láì sọ̀rọ̀. Kóòdù tó ń ka sátífíkéètì láìní páásíwọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí null lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí fáìlì padà sí PKCS12. cacerts, fáìlì sátífíkéètì tí JDK fúnra rẹ̀ gbà gbọ́, kò bá èyí lọ: láti JDK 18 ó ti di PKCS12 tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù, load(in, null) sì ń ka gbogbo rẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, JKS ni, "changeit" sì ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìdákẹ́jẹ́ yìí ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lágara. Wọ́n fi openssl pkcs12 -export -nokeys kó àwọn sátífíkéètì CA (ilé-iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí sátífíkéètì) sínú .p12 kan. openssl rí wọn. Java ṣí fáìlì náà, páásíwọ́ọ̀dù tọ̀nà, àmọ́ keytool -list ní 0 entries. Ìdí ni pé Java kì í ka sátífíkéètì PKCS12 tí kò ní kọ́kọ́rọ́ sí èyí tó gbà gbọ́ àyàfi tí àmì pàtàkì kan bá wà lára rẹ̀, OID 2.16.840.1.113894.746875.1.1, èyí tí openssl kì í fi sí i fúnra rẹ̀. Láti OpenSSL 3.2 o lè fi -jdktrust anyExtendedKeyUsage kún àṣẹ náà. Èyí tó rọrùn jù ni kí o jẹ́ kí keytool ṣe é:

```
keytool -importcert -alias ca-agba -file ca.pem -keystore trust.p12
```

Kí o sì ṣọ́ra: bí ca.pem bá ní sátífíkéètì mẹ́ta nínú, ẹyọ kan ṣoṣo, èyí àkọ́kọ́, ni keytool máa mú. Pín wọn sí fáìlì mẹ́ta, kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní alias tirẹ̀. Truststore (keystore tí sátífíkéètì tí o gbà gbọ́ nìkan wà nínú rẹ̀) tó bá ṣófo ṣá á pariwo níkẹyìn: "the trustAnchors parameter must be non-empty". Ọ̀rọ̀ yẹn kò dárúkọ fáìlì, kò dárúkọ alias, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé kò sí CA kankan nínú ohun tí o fún un.

Nítorí gbogbo èyí, má ṣe jẹ́ kí kóòdù kan lọ sórí sáfà láìní irú àyẹ̀wò yìí lẹ́yìn load:

```java
if (!ks.entryInstanceOf(alias, KeyStore.PrivateKeyEntry.class)) {
    throw new IllegalStateException(
        "Ko si kokoro adani labe '" + alias + "'. Ohun to wa nibe: "
        + Collections.list(ks.aliases()));
}
```

Àkójọ alias tó wà nínú ìkìlọ̀ yẹn níye lórí púpọ̀. Bó bá jẹ́ [], load ló gba null tàbí fáìlì ló ṣófo. Bó bá jẹ́ [1], ẹnì kan gbàgbé -name. Bí orúkọ tí o ń wá bá wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé trustedCertEntry ni.

Bí keystore rẹ bá wà lórí díìsìkì tí kì í ṣe inú jar, ohun tó dáa jù wà láti Java 9: KeyStore.getInstance(new File(ibi), oro). Ìlà kan yìí ń mọ irú fáìlì fúnra rẹ̀, ó ń ṣí i, bí fáìlì kò bá sì sí, IllegalArgumentException á jáde lójú ẹsẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé àpẹẹrẹ tó wà káàkiri kì í sábà lò ó. Èyí ni mo rò pé ó yẹ kó jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun.

Nígbà tó bá pariwo

"Keystore was tampered with, or password was incorrect" ni ti JKS, "keystore password was incorrect" ni ti PKCS12. Kó o tó sọ pé ẹni tó fún ọ ní páásíwọ́ọ̀dù purọ́, wo bóyá ìlà tuntun kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá fi echo ṣe secret fún Kubernetes, tó wá tì í sínú base64, ti fi \n kún páásíwọ́ọ̀dù láìmọ̀. printf '%s' ni kí o lò, tàbí echo -n. Fi wc -c ka iye báìtì tó wà nínú fáìlì secret náà: bó bá fi ẹyọ kan ju iye lẹ́tà páásíwọ́ọ̀dù lọ, o ti rí i.

"Cannot recover key" yàtọ̀. Fáìlì ti ṣí, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ kọ̀. JKS gbà kí páásíwọ́ọ̀dù fáìlì yàtọ̀ sí ti kọ́kọ́rọ́, nítorí náà ti fáìlì ni load ń bèèrè, ti kọ́kọ́rọ́ ni getKey ń bèèrè. keytool kì í gba ìyàtọ̀ yìí fún PKCS12. Bí o bá fi -keypass mìíràn sí i, á sọ pé òun kò kà á sí, á sì máa lo ti fáìlì. Ìdí mìíràn rèé tó fi yẹ kí a kúrò lórí JKS: páásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, wàhálà dín kù.

"Invalid keystore format", tàbí "DerInputStream.getLength(): lengthTag=111, too big", sábà máa ń jẹ́ pé fáìlì ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Maven, irinṣẹ́ tó ń kó iṣẹ́ Java jọ, ló máa ń fa èyí jù. Bí filtering (fífi iye rọ́pò àmì inú fáìlì) bá wà ní true fún src/main/resources, Maven á ka fáìlì .p12 bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ lásán, á sì fi EF BF BD rọ́pò báìtì tí kò yé e. Fi sha256sum wo èyí tó wà nínú src àti èyí tó wà nínú target/classes. Bí wọ́n bá yàtọ̀, fi p12 àti jks sínú nonFilteredFileExtensions ti maven-resources-plugin, ọ̀rọ̀ parí.

Ti ẹ̀yà JDK ló le jù láti dá mọ̀, torí pé fáìlì ọ̀hún kò ní àbùkù rárá. JDK 16 yí bí PKCS12 ṣe ń dáàbò bo nǹkan padà: AES-256 ló ń lò báyìí, pẹ̀lú HmacPBESHA256 àti ìṣirò àṣetúnṣe 10000. Ìyípadà tó dáa ni. Àmọ́ bí o bá ṣe keystore lórí JDK 17 tó wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ, tí sáfà sì ń lo JDK 8 tó ti pẹ́ ju 8u301 lọ, "Algorithm HmacPBESHA256 not available" lo máa rí. Ìwòsàn gidi ni kí wọ́n gbé JDK sáfà ga. Bí agbára rẹ kò bá ká ìyẹn, tún un ṣe ní ọ̀nà àtijọ́:

```
keytool -J-Dkeystore.pkcs12.legacy -importkeystore \
  -srckeystore isanwo.p12 -destkeystore isanwo-atijo.p12 \
  -deststoretype PKCS12
```

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. PKCS12 tí JDK àtijọ́ ṣe máa ń fi RC2 oníbíìtì 40 bo sátífíkéètì. OpenSSL 3, tó jáde ní 2021, kò gba èyí mọ́, á ní RC2-40-CBC kò ní àtìlẹ́yìn. Fi -legacy kún àṣẹ openssl náà, ó máa ṣí.

keytool fúnra rẹ̀

Fún wíwo ohun tó wà nínú keystore, kò sí ohun tó yá ju keytool -list -v -keystore isanwo.p12 lọ. Ìlà méjì ni kí ojú rẹ kọ́kọ́ lọ bá: Entry type, àti Certificate chain length. Bí CA gbangba bá fọwọ́ sí sátífíkéètì rẹ, tí gígùn ètò náà sì jẹ́ 1, àwọn sátífíkéètì àárín kò sí nínú fáìlì. Browser kan lè gbójú fò ó, kó wá wọn fúnra rẹ̀. curl àti Java tó wà lódìkejì kò ní gbà: "PKIX path building failed" ni Java máa sọ, ìṣòro náà sì wà lọ́dọ̀ rẹ, kì í ṣe lọ́dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, keytool bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí. Kò ní mú kọ́kọ́rọ́ àdáni jáde fún ọ. -exportcert á mú sátífíkéètì jáde, fún kọ́kọ́rọ́ kò sí àṣẹ kankan. Kò sì ní gba kọ́kọ́rọ́ PEM wọlé. openssl lo máa fi ṣe méjèèjì. Mímú un jáde nìyí:

```
openssl pkcs12 -in isanwo.p12 -nocerts -noenc -out kokoro.pem
chmod 600 kokoro.pem
```

-nodes ni wọ́n ń pe -noenc kó tó di OpenSSL 3. Kíkó o wọlé, pẹ̀lú sátífíkéètì àárín nínú aarin.pem:

```
openssl pkcs12 -export -inkey kokoro.pem -in sati.pem \
  -certfile aarin.pem -name isanwo -out isanwo.p12
```

Àwọn kan ń sọ pé ààbò ló jẹ́ kí keytool kọ̀ láti mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní fáìlì àti páásíwọ́ọ̀dù ti ní kọ́kọ́rọ́ náà, ìlà méje kóòdù á mú un jáde. Ìnira lásán ló jẹ́ fún ẹni tó ni ín.

Nǹkan méjì péré ló kù tí mo fẹ́ fi kún un. Má kọ -storepass pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù sórí ìlà àṣẹ, torí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ps lórí sáfà náà lè rí i, ó sì máa wà nínú history. -storepass:env KS_PASS tàbí -storepass:file ni kí o lò. Bí o bá fi -genkeypair ṣe kọ́kọ́rọ́ láì sọ -validity, ọjọ́ 90 ni sátífíkéètì rẹ̀ máa lò. Ọ̀pọ̀ sáfà ìdánwò ló ń kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nítorí èyí.

Bí mo bá máa fi máàkì sí i, KeyStore gba 4 nínú 5, èyí tí mo yọ sì jẹ́ nítorí null. keytool gba 3.

Àwọn mìíràn tó wà lọ́jà

KeyStore Explorer ni mo máa gba ẹni tí kì í ráyè jókòó ti terminal nímọ̀ràn láti lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní ojú ìwé tí à ń tẹ̀, ó ń ṣí JKS, JCEKS, PKCS12 àti BKS, ó sì ń mú kọ́kọ́rọ́ àdáni jáde sí PEM láìsí agídí. Ó yára fún wíwo ètò sátífíkéètì. Kò yẹ fún iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa ṣe ara rẹ̀ nínú CI (ibi tí a ti ń kó kóòdù jọ, tí a sì ń dán an wò láìsí ọwọ́ èèyàn), keytool àti openssl ló ni ibẹ̀.

Nínú Python, library cryptography ló yẹ:

```python
from cryptography.hazmat.primitives.serialization import pkcs12
with open("isanwo.p12", "rb") as f:
    kokoro, sati, iyoku = pkcs12.load_key_and_certificates(f.read(), oro)
```

oro gbọ́dọ̀ jẹ́ bytes, kì í ṣe str. Bí páásíwọ́ọ̀dù kò bá tọ̀nà, ValueError á jáde. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló ń fún ọ, kò bìkítà fún alias, nítorí náà keystore tó ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta kì í ṣe ibi tirẹ̀. JKS kò yé e; pyjks wà fún ìyẹn, tàbí kí o kọ́kọ́ yí fáìlì náà sí PKCS12.

Lórí Android, orúkọ class kan náà ni, ìwà rẹ̀ ló yàtọ̀. KeyStore.getInstance("AndroidKeyStore") kò ní fáìlì tí o máa fún un, nítorí náà load(null) ló tọ̀nà níbẹ̀. getKey á dá kọ́kọ́rọ́ padà, àmọ́ bí o bá pe getEncoded lórí rẹ̀, null ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni: a lè fi kọ́kọ́rọ́ náà buwọ́ lùwé, àmọ́ kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú fóònù. Má fi upload-keystore.jks tí àwọn tó ń lo Flutter fi ń buwọ́ lu áàpù dà á rú. Fáìlì lásán nìyẹn, keytool ló ṣe é, gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè ló sì kàn án, títí kan pé PKCS12 ló lè wà nínú rẹ̀ láìka .jks tó ń jẹ́ sí.

Fún àwọn tó ń béèrè ìgbà tí Java máa gba PEM tààrà láìsí keystore: JDK 25 ti mú PEMDecoder àti PEMEncoder wá nípasẹ̀ JEP 470 (àbá ìyípadà Java), àmọ́ preview (ohun ìdánwò) ni, --enable-preview ló ń ṣí i, wọ́n sì lè yí i padà nínú ẹ̀yà tó ń bọ̀. Fún sáfà tó ń gba owó àwọn èèyàn, .p12 ṣì ni.